Òwìwí kékeré lásìkò ọyẹ́: mo ń gbọ́ ohùn, n kò rí ẹyẹ

Àkànjí Mọ́rè · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Òwìwí kékeré ni mo fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ lásìkò yìí, kì í ṣe olójú funfun tó ń gbé inú òrùlé yẹn. Lẹ́yìn oko kan lápá Ọ̀pá ní Ifẹ̀, láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn kan wà tó mọ́ gaara, tó ń lọ ní "kín, kín, kín" láti nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ títí di òru. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo igi, òfo ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí nǹkan kan fò kọjá, àwòrán tó jáde dúdú kirikiri, ojú méjì ń tàn nínú rẹ̀ bí iná mọ́tò.

Kámẹ́rà mi, lẹ́ńsì 70–300 mm ló ní, f/5.6 ló ń ṣí mọ bí mo bá nà án dé òpin. N kò ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹyẹ wo nìyẹn? Aago mélòó ló yẹ kí n lọ? Báwo ni kí n ṣe to kámẹ́rà? Ṣé ọyẹ́ ló dára jù fún un lóòótọ́, àbí kí n dúró de òjò?

ỌmọỌbòkun · Ọjọ́ Ajé, 9:41 alẹ́

Ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà, lálẹ́, òwìwí oníwo kékeré nìyẹn, èyí tí ìyẹ́ méjì nà sókè lórí rẹ̀ bí ìwo. Otus senegalensis ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i. Ẹ wa ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ẹ gbé e sókè dáadáa, yóò fò wá bá yín. Fíláàṣì orí kámẹ́rà náà tó. Ọyẹ́ ló dára jù, ewé ti wọ́ lára igi.

Ìyá Ẹyẹ · Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

ỌmọỌbòkun, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ka ohùn náà ká tó sọ ẹyẹ lórúkọ.

Àkànjí, gbé aago lọ́wọ́ lọ́la, ka iye ìgbà tó ké láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń lọ bí ẹ̀ẹ̀kan sí ìṣẹ́jú àáyá kan, tó dún bí ẹni ń fi ṣíbí lu ìgò, àdán ni. Akọ àdán ajèso kan ni, Epomops franqueti, irun funfun wà léjìká rẹ̀. Abẹ́ ewé ló máa ń so rọ̀ sí, ó ń ké fún wákàtí púpọ̀ láti pe abo. Ojú àdán ajèso náà a sì máa tàn bí iná bá bà á, nítorí náà ohun tí o yà yẹn lè má jẹ́ ẹyẹ rárá. Púpọ̀ nínú ohun tí àwa ará Ifẹ̀ àti Iléṣà ń pè ní òwìwí tàbí ọ̀pọ̀lọ́ lóru, òun ni.

Oníwo kékeré kì í kánjú. Yóò ké "pùrúù" kan, kúkúrú, tó gbọ̀n díẹ̀ lọ́fun, yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 8 kó tó tún ké. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni wàá gbọ́. Ó jìnnà sí ti àdán.

Àwọn ohùn yòókù tó yẹ kí etí rẹ mọ̀:

Òwìwí inú igbó, Strix woodfordii, "hùú-hu, hu-hú-hu, hùú", bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀ tí kò rí ìdáhùn. Akọ á ké, abo á fi ohùn tó ga díẹ̀ dá a lóhùn. Kò ní ìwo, ojú rẹ̀ dúdú, ó tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 35. Oko kòkó tí igi ńlá bò lórí, ibẹ̀ ni kí ẹ fetí sí. Kì í ṣe kékeré gan-an, ṣùgbọ́n lágbègbè tiwa ó wà lára àwọn tí ẹ lè rí láìrìn jìnnà.

Olójú funfun inú òrùlé kì í ké "hùú" rárá. Ṣe ló máa ń han bí ẹni fa aṣọ ya.

Olójú òféfèé, Ptilopsis leucotis, funfun ni ojú rẹ̀, ìlà dúdú yí i ká, ẹyinjú rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n. Ohùn méjì ni igbe rẹ̀, èkíní kúkúrú, á dákẹ́ díẹ̀, èkejì á gùn jù ú lọ. Èyí tó kéré bí ológoṣẹ́ ńlá, Glaucidium perlatum, ara rẹ̀ kún fún àmì funfun bí ìlẹ̀kẹ̀. Á máa fọn fèrè kúkúrú kúkúrú tó ń gòkè tó ń yára, á sinmi, á wá fọn èyí tó gùn tó ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sán pàápàá ni í ké. Ẹyẹ odàn ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ wọn gidi, kó gba òkè lọ, sápá Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Oníwo kékeré náà fẹ́ràn odàn ju igbó lọ, ṣùgbọ́n oko tí a ti ṣán, tí igi rẹ̀ jìnnà síra, tó é gbé.

Igbe tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó wá ń ga títí ara á fi bù máṣọ, òfàfà nìyẹn. Ẹranko ni.

Ní ti ohùn orí fóònù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀. Ẹyẹ tó bá gbọ́ ọ á rò pé òwìwí mìíràn ló wọ ilẹ̀ òun, á pa ọdẹ tó ń ṣe tì, á tún fi ara rẹ̀ han àwọn tó ń ṣọdẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òwìwí sì ń sàba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abo tó fi ẹyin sílẹ̀ torí fóònù, ẹyin náà lè bàjẹ́.

Ọdẹ Òṣù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ìyá wa ti sọ ti ohùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rírí.

Alẹ́ ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, àárọ̀ ni kí ẹ fi wá a. Oòrùn ń wọ̀ ní bí 6:40 báyìí. Ẹ ti dúró ní 6:30, ẹ má tan iná kankan. Bí ó bá ké, ẹ fi igi gígùn kan lélẹ̀ kó kọjú sí ibi tí ohùn ti wá. Ẹ rìn bí àádọ́ta ẹsẹ̀ sápá kan, ẹ dúró títí yóò fi tún ké, ẹ fi igi kejì lélẹ̀. Ibi tí ọ̀nà igi méjèèjì bá ti máa pàdé, agbègbè rẹ̀ ni kí ẹ padà sí láàárọ̀. Ẹni tó bá ń sá tẹ̀ lé ohùn nínú òkùnkùn, ọrùn ẹyẹ yẹn ń yí, ohùn rẹ̀ sì ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Yóò kàn máa yípo ni.

Láàárọ̀, láti aago méje sí mẹ́sàn-án, ẹ tẹ́tí sí àwọn ẹyẹ kéékèèké. Bí ẹ bá gbọ́ wọn tí wọ́n pọ̀ lójú kan tí wọ́n ń pariwo bí ẹni rí ejò, tí wọn kò sì sá lọ, ejò ni tàbí òwìwí. Ẹ má sáré wọ ibẹ̀. Ẹ wo ibi tí gbogbo wọn kọjú sí.

Ẹ tún wo ilẹ̀. Ìgbẹ́ òwìwí a máa kán sílẹ̀ ṣánṣán sábẹ́ ibi tó jókòó, funfun bí ẹfun, á lẹ̀ mọ́ ara igi. Ti àṣá a máa fọ́n jìnnà sí ẹsẹ̀ igi. Bí ẹ bá rí funfun tó pọ̀ lójú kan lábẹ́ máńgòrò tí ìtàkùn bò, tàbí lábẹ́ ọ̀pẹ tí ewé gbígbẹ rẹ̀ rọ̀ sọ́rùn, tàbí nínú ọparun, ẹ dúró, ẹ gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Èèpo igi ni oníwo kékeré jọ. Ìdí ẹ̀ka ló máa fẹ̀yìn tì mọ́ igi, kì í jókòó sí òpin ẹ̀ka lọ́sàn-án. Kùkùtù kékeré tó yọ níbi tí kò yẹ kó yọ ni kí ojú yín máa wá.

Ewé gbígbẹ ni ìṣòro ọyẹ́. Ẹsẹ̀ méjì nínú rẹ̀, gbogbo igbó á ti gbọ́. Ẹ gba ojú ọ̀nà tí ènìyàn ti ń rìn, ẹ máa dúró lẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ó ku ọ̀kan, ẹ gbà á bí ẹ̀kọ́ ọdẹ. Ọdẹ tó gbé tọ́ọ̀ṣì lórí, ojú tó bá tàn ló ń yìn sí. Gíláàsì lẹ́ńsì náà ń tàn. Ẹ má wọ oko ẹlòmíràn lóru láìsọ fún olóko àti àwọn ọdẹ àdúgbò. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń sun lọ́jọ́ náà, torí iná oko nígbà ọyẹ́ kì í gba ìpẹ̀. Bàtà tó bo kókósẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Bọ̀dé Kámẹ́rà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni tèmi. Àkànjí, ojú tó tàn yẹn, fíláàṣì ló fà á. Ó sún mọ́ lẹ́ńsì jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọnú ojú, ó tọ ọ̀nà kan náà padà wá. Ẹ pa á.

Ẹ gbé kámẹ́rà sí M, ibi tí ẹ ti ń fọwọ́ ara yín tò ó. Ẹ ṣí lẹ́ńsì dé f/5.6. Ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, máa yan ara rẹ̀, kó má kọjá 3200. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà tuntun, 6400. Òfin àtijọ́ ní kí ìyára tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó sì ń pa dé (1/500 ni ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá) má dín sí gígùn lẹ́ńsì. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, 300 mm dà bí 450, nítorí náà 1/500 ni òfin yẹn fẹ́. Lábẹ́ ewé ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ẹ kò ní rí 1/500 láìsí pé àwòrán kún fún hóró-hóró. Bí lẹ́ńsì yín bá ní ẹ̀rọ tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n, ẹ lo 1/125, ẹ fara ti igi, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní márùn-ún mẹ́fà léraléra. Ọ̀kan á mú. Ìsàlẹ̀ 1/125, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á mi ẹ̀ka, ẹ̀rọ yẹn kò sì rí nǹkan ṣe sí ẹ̀ka tó ń mì.

Ẹni tí kò ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó rán àpò aṣọ kékeré, kó rọ ẹ̀wà tàbí ìrẹsì bíi kìlógíráàmù kan sí i, kó má kún jù kó lè tẹ̀ sí ara lẹ́ńsì. Ẹ gbé e sórí ìjókòó ọ̀kadà, sórí fèrèsé mọ́tò, sórí kùkùtù. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ tó ga dé ojú, tí a wé àkísà mọ́ lórí, náà ń ṣiṣẹ́.

Ojú ọ̀run ọyẹ́ funfun bí omi èkọ. Bó bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, òwìwí á dúdú. Ẹ fi +1 sí +1.7 kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà níbi àtúnṣe ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ igi dúdú ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá a padà sí 0. Ẹ lo ojú-àfojúsùn kan ṣoṣo, ẹ gbé e lé ẹyinjú. Bí ẹ̀ka tín-ín-rín bá wà níwájú, kámẹ́rà á máa mú ẹ̀ka náà. Ẹ pa ti aládàáṣe, ẹ fọwọ́ yí òrùka lẹ́ńsì, ẹ sọ àwòrán ẹ̀yìn kámẹ́rà di ńlá láti fi wò ó.

Eruku ọyẹ́ ń jẹ àwọ̀. Ohun tó bá jìnnà ju bí mítà 30 lọ á ṣú bí ẹni wò ó láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Kò sí bọ́tìnnì tó lè wò ó sàn tán. Ẹ sún mọ́ ọn, bí mítà 12, ẹ sì ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn, kí ẹ lè dá àwọ̀ tó ti pọ́n padà.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Bọ̀dé, ẹ ṣeun, àlàyé yín kún. Ṣùgbọ́n mítà 12 yẹn ń kọ mí lóminú. Kò sí iye mítà tó bá gbogbo òwìwí mu. Ara ẹyẹ ló ń sọ ọ́.

Òwìwí tó fọkàn balẹ̀ máa ń wú, ara rẹ̀ rí róbótó, ìwo rẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé tán tàbí kó ṣí ìdajì. Bó bá ti rí yín, á fún ara rẹ̀ pọ̀ di gígùn tín-ín-rín, á na ìwo sókè, á sọ ojú di ìlà kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdúró yẹn ló dára jù láti yà. Ìbẹ̀rù ni. Ẹ fi ẹ̀yìn rìn padà sí ibi tó ti tún wú, ibẹ̀ ni ààlà yín lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ mítà 10, ì báà jẹ́ 25. Ẹ má rìn tààrà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn.

Ẹ kò nílò láti yí i ká kó lè wo kámẹ́rà. Ẹyinjú òwìwí kì í yí nínú ihò rẹ̀, orí ló ń yí, tó sì lè yí dé ìwọ̀n 270. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, yóò yí orí wá fúnra rẹ̀.

Eruku: ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú oko. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò lára gíláàsì, itọ́ á bá a lọ. Rọ́bà tí à ń tẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ lò, lẹ́yìn náà búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ìgbẹ̀yìn ni aṣọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi aṣọ nù ún ti fi iyanrìn ha lẹ́ńsì rẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ fi ọ̀rá bo kámẹ́rà.

Ẹ wá ìdì èébì pẹ̀lú ìgbẹ́. Irun, egungun àti èèpo kòkòrò tí inú òwìwí kò lè lọ̀, á pọ̀ ọ́ jáde ní ìdì. Ti olójú funfun tóbi, ó dúdú, ó ń dán nígbà tó bá tutù, egungun èkúté kún inú rẹ̀. Ti oníwo kékeré kéré, ó máa ń fọ́ ní kánkán, ẹsẹ̀ tata àti èèpo kòkòrò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà òjò á yọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó ń gbẹ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni àǹfààní ọyẹ́, ó ju ti ewé tó wọ́ lọ, torí máńgòrò kì í wọ́wé.

ỌmọỌbòkun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́

Mo gbà lórí àdán àti lórí fóònù. Lórí fíláàṣì, n kò tíì gbà. Bí a bá dín agbára rẹ̀ sí 1/16, tí a fi aṣọ funfun bò ó, tí a sì gbé e jìnnà sí lẹ́ńsì, ojú kò ní tàn, ìmọ́lẹ̀ náà kò sì ju ti mànàmáná lọ.

Ìyá Ẹyẹ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́

Ẹ tọ̀nà pé gbígbé e jìnnà sí lẹ́ńsì ń mú títàn ojú kúrò. N kò sì ní sọ pé ó ń fọ́ ojú òwìwí títí láé. Àmọ́ ojú tó ṣí gbayawu nínú òkùnkùn, bí ìmọ́lẹ̀ bá já lù ú lójijì, kò ní ríran dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn ló sì fẹ́ fi fò láàárín ẹ̀ka. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tan nǹkan lóru, kó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọ̀rá pupa bò, kí iná náà má kàn án lójú, kí etí iná kàn bà á lára, fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa á. Ó tó fún kámẹ́rà láti rí ibi tó máa dì mú.

Ẹ tún rántí ohun tí àwọn ènìyàn wa ń rò nípa ẹyẹ yìí. Iná tó ń bù yẹ̀rì lórí igi lóru á jí àdúgbò, wọ́n á wá wo ohun tó wà lórí igi náà, òkúta ni wọ́n á fi lé e. Ẹyẹ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Èkúté àti tata tó ń jẹ oko wọn ló ń pa. Ó ń dùn mí.

Adùkẹ́ Ìsọ̀kùn, Kánádà · Ọjọ́rú, 2:40 òru

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí, òwìwí kan wà tí wọ́n ń pè ní saw-whet, sẹ̀ǹtímítà 18 sí 21, ìgbà òtútù ni wọ́n ń wá a. Igi páìnì kékeré tó ṣú dẹdẹ ló ń sùn sí, lọ́pọ̀ ìgbà kò ga ju orí ènìyàn lọ púpọ̀. Ìgbẹ́ lórí ẹ̀ka àti ìdì èébì lórí yìnyín ni wọ́n fi ń mọ ibi tó wà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ igi, gbogbo yín ń wo òkè jù. Bátìrì náà, ẹ fi ọ̀kan sí àpò inú aṣọ kó máa gba ooru ara, òtútù ń yára jẹ ẹ́.

Ọdẹ Òṣù · Ọjọ́rú, 6:10 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ọmọ wa. Bátìrì kò ní ìṣòro níbí, òtútù ọyẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọ̀sán lórí àpò dúdú ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Ti ìsàlẹ̀ igi, ẹ wo ó ní tòótọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ọmọ ti ń ju òkò sí máńgòrò, ẹyẹ á gòkè lọ.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì · Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Mo fi kún ti Adùkẹ́: ohun tó mú kí wọ́n máa kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí ènìyàn má lé òwìwí kúrò níbi tó sùn sí nígbà òtútù ni pé agbára tó fi ń mú ara gbóná ló máa fi fò. Níbí, oúnjẹ kò wọ́n, ohun tó máa pa á ni àṣá àti òkúta tó bá jáde sí gbangba lọ́sàn-án. Ìdí yàtọ̀, òfin kan náà ni.

Àkànjí Mọ́rè · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 alẹ́

Ẹ kú làálàá mi, gbogbo yín. Ìyá mi, ẹ jàre: 64 ni mo kà láàárín ìṣẹ́jú kan. Àdán ni.

Mo yí padà sí oko tí wọ́n ti ṣán ní òdìkejì. "Pùrúù" wà níbẹ̀, mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi igi méjì lélẹ̀ bí bàbá ọdẹ ṣe wí, wọ́n pàdé lórí ìlà máńgòrò mẹ́rin. Láàárọ̀, abẹ́ ẹ̀kẹta ni funfun wà, ìdì èébì mẹ́rin, èèpo kòkòrò ló kún inú wọn. Ẹyẹ náà wà ní bí mítà mẹ́rin sókè, ó fẹ̀yìn ti igi níbi tí ìtàkùn ti bò ó. Mítà 16, 1/125, f/5.6, ISO 3200, +1. Nínú mẹ́rìnlá, méjì ló mú. Ìṣòro ni pé nínú méjèèjì, ó tín-ín-rín, ìwo rẹ̀ nà, ojú rẹ̀ jẹ́ ìlà. Ewé kan sì bo ìdajì àyà rẹ̀.

Bọ̀dé Kámẹ́rà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:45 alẹ́

Ẹ kú oríire! Mo gba àtúnṣe Olùkọ́, mítà 16 pàápàá ti sún mọ́ jù fún ẹyẹ yẹn. Ẹ padà sí bí 22, kí ẹ gé àwòrán náà lẹ́yìn. Ewé yẹn, ẹ má já a. Òun ló ń bò ó mọ́ àṣá. Ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ tún wò ó, ìgbà púpọ̀ ni ihò kékeré máa ń wà tí ojú á ti yọ.

ỌmọỌbòkun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:52 alẹ́

Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Máńgòrò wo gan-an? Èmi náà á wá láti Iléṣà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Ẹyẹ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:00 alẹ́

Àkànjí, má dáhùn níbí. ỌmọỌbòkun, kì í ṣe pé n kò fọkàn tán yín, gbogbo ayé ló ń ka ojú ìwé yìí, àwọn tó ń ta orí òwìwí lọ́jà àgúnmu náà mọ̀wé kà. Gbogbo òwìwí ayé ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES lórí títà ẹranko láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n àdéhùn kò ṣọ́ igi máńgòrò.

Bí o bá fi fóònù yà á, ibi tí o dúró sí wà nínú fáìlì àwòrán náà. Wọnú ètò kámẹ́rà fóònù rẹ, pa ìtọ́ka ibùdó kó o tó tún yà. Èyí tí o ti yà tẹ́lẹ̀, yọ ibùdó kúrò nínú àlàyé rẹ̀ kó o tó gbé e síta. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fáìlì, tí kò fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, ó ti fi ibùdó náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà nílò àkọsílẹ̀ rẹ, fi í fún wọn. Bí o bá kọ ọ́ sórí eBird, ojú ìwé ayélujára tí àwọn èèyàn ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sí, yan ibi gbígbòòrò, má fi àmì lé orí igi náà gan-an.

Ọdẹ Òṣù · Ọjọ́ Àìkú, 6:00 àárọ̀

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó padà, ẹ má sì gba ipa ẹsẹ̀ kan náà. Ojú ọ̀nà tuntun tó lọ sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ọmọ kékeré á tọ̀ ọ́ dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá padà, ẹ má lọ láàárọ̀ mọ́. Ẹ jókòó ní bí mítà 25 ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá bá yín kó má baà máa gbọ́ gbogbo ìró yín, kí ẹ̀yìn yín sì wà níbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Kó tó jáde, á kọ́kọ́ gbọn ara, á na apá kan àti ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, á pọ̀ ìdì èébì kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á bọ́ sórí ẹ̀ka gbígbẹ kan ní gbangba, á jókòó síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, ojú rẹ̀ á là kedere. Ẹ ti mọ ẹ̀ka náà ṣáájú, torí ìgbẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ náà. Ẹ ti dojú lẹ́ńsì kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bọ̀dé Kámẹ́rà · Ọjọ́ Àìkú, 7:10 àárọ̀

Ní àkókò yẹn, 1/60, ISO 6400, àpò ẹ̀wà lábẹ́ lẹ́ńsì, kí ẹ lo ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí okùn ìtẹ̀ kí ọwọ́ má mì ín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí orí bá dúró, kì í ṣe nígbà tó bá ń yí.

Àkànjí Mọ́rè · Ọjọ́ Àìkú, 9:30 àárọ̀

Mo ti yọ ibùdó kúrò nínú àwọn àwòrán. Ọjọ́rú ni n ó padà. Mo ti rí ẹ̀ka gbígbẹ náà, ó wà lápá ìlà oòrùn igi, ìgbẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀.